Zermatt ní Ìgbà Yìnyín: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Yóò Dá Lọ

Òkèèrè ni alákàn ti ń ṣọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè Alps ní ìgbà òtútù ṣe. Àwọn kan a máa sanwó fún ilé iṣẹ́ tí yóò ṣètò ohun gbogbo fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ owó ṣọ́ ná lè ṣètò ti ara rẹ̀, bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Zermatt, ní ilẹ̀ Swítsálándì.

Abẹ́ òkè Matterhorn ni Zermatt wà. Ìlú náà fi mítà 1,608 ga ju òkun lọ. Orí Matterhorn jẹ́ mítà 4,478. A kì í wa mọ́tò wọ ibẹ̀ bí a ti fẹ́. Ẹni tí ó bá gbé mọ́tò wá yóò fi sílẹ̀ ní Täsch, kìlómítà 5 sí ìlú, yóò sì wọ rélùwéè. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí iná mànàmáná ń gbé rìn ni ẹ óò rí nígboro. Ẹni tí bàálù bá gbé dé Zürich kò ní láti háyà mọ́tò rárá. Rélùwéè wà láti pápá bàálù títí dé Visp. Níbẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí òmíràn tí ń gun òkè lọ sí Zermatt.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ parí. Ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Òfin gbà kí a bẹ̀bẹ̀ fún un láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọdọ̀ kù ju ọjọ́ 15 lọ. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 15 náà o! Wọn yóò bèèrè ìwé adójútòfò tí ó tó owó euro 30,000 nítorí àìsàn. Níbí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ẹ bi àwọn tí ń ta ìwé náà léèrè bóyá yóò san owó hẹlikópítà bí ó bá di pé kí wọ́n wá gbé yín lórí òkè. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó ń san án.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Bí a ti ń gòkè ní mítà 100 kọ̀ọ̀kan, ooru a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 0.6. Rélùwéè Gornergrat, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1898, a máa gbé ènìyàn láti ìlú dé mítà 3,089 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Ẹ ṣírò rẹ̀: orí òkè lè fi ìwọ̀n 9 tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, a kò tíì ka ti afẹ́fẹ́. Kì í ṣe kóòtù ńlá kan ṣoṣo ni ẹ óò wọ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ wúlù ni kí ó wà lábẹ́, kí súwẹ́tà lé e, kí aṣọ tí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá sì bò ó. Ẹ má fi aṣọ òwú ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀. Bí ó bá mu òógùn, kì í tètè gbẹ. Ẹ má gbàgbé ìbọ̀wọ́, fìlà tí ó bo etí, àti awò dúdú, nítorí oòrùn tí ó bá bà lé yìnyín a máa ba ojú jẹ́.

Ọ̀nà tí a ń rìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni a ń rìn ní ìgbà yìnyín. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ yìnyín orí wọn mọ́lẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ ní àmì pupa rẹ́súrẹ́sú. Àmì yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ibùdókọ̀ Riffelberg, ní mítà 2,582, dé Riffelalp, ní mítà 2,211. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ewu tí ó tóbi jù ni yìnyín tí ó máa ń ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹni tí ó bá bò mọ́lẹ̀, bí a kò bá hú u jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìrètí rẹ̀ a dín kù gidigidi. Ta ni yóò hú ẹni tí ó dá rìn? Ilé ìwádìí yìnyín tí ó wà ní Davos a máa kéde ewu náà ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òwúrọ̀, láti 1 dé 5. Ẹ má fi ojú kékeré wo 3. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà kan pa, ẹ padà sẹ́yìn. Nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ni 144.

Òkè náà ti kọ́ àwọn kan lọ́gbọ́n rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1865, Edward Whymper, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mẹ́fà mìíràn kọ́kọ́ dé orí Matterhorn. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀, okùn tí ó so wọ́n pọ̀ sì já. Ènìyàn mẹ́rin kú. Mẹ́ta ni ó padà dé ìlú. Okùn náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Zermatt, òun ni kò sì lágbára tó àwọn yòókù tí wọ́n gbé lọ. Kí ẹni tí ń wá bàtà pọ́ọ́kú rántí rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2018, yìnyín pọ̀ débi pé ọ̀nà mọ́tò àti ti rélùwéè dí pátápátá. Nǹkan bí àlejò 13,000 há sí Zermatt. Hẹlikópítà ni ó ń kó àwọn kan jáde. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ óò kúrò níbẹ̀ àti ọjọ́ bàálù yín. Tíṣà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ wọlé, àti oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ wà ní èbúté, kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré.

Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fún àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti agogo tí ẹ óò dé. Ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò mú kí wọ́n tètè wá yín rí.