Orúnkún Tí Kò Lè Kúnlẹ̀



Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, èyí tó rọ́ àti èyí tó yẹ̀. Tèmi yẹ̀. Mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Òṣòdì. Ẹsẹ̀ dúró, ara yí, egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n dá a padà sípò ní ilé ìwòsàn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Àwọn tó ń fi ìdárayá ṣe ìtọ́jú ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn egungun tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, là á yé mi pé iṣan iwájú itan ló ń di egungun náà mú. Bí iṣan bá rọ, ó rọrùn kí egungun tún yẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, lórí ẹní nílé wa ní Ìsọlọ̀, èmi a fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ aṣọ ìnura tí a ká, èmi a na ẹsẹ̀ tààrà, èmi a gbé e sókè, èmi a sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò lè kúnlẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá bẹ̀ mí wò, orí àga ni mo ti kí wọn. Ojú tì mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, jókòó o. Mo ti rí ìkúnlẹ̀ rẹ."

Ní oṣù kẹrin, mo di àga mú, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Orúnkún dún, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Wọ́n wúre fún mi títí.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó dàbọ̀.