Orúkọ Ń Sáré Lójú Títì

Bí èèyàn bá rí orúkọ ẹnì kan lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, ohun tí ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Hẹ̀n-ẹ́n, owó eléyìí á kọjá kíkà." Ó ṣe tán, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo Buick. Ẹ wo Chevrolet. Orúkọ èèyàn ni méjèèjì. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ gbé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì kú láì rí jẹ nínú owó tí orúkọ wọn pa. Ẹni kẹta tó kó wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan, tó fi dá General Motors sílẹ̀, tiẹ̀ ló wá ya èèyàn lẹ́nu jù. Ìtàn kọ́ńpìnnì ńlá yẹn ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí, àmọ́ n kò ní í gba ojú ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa ń gbà sọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni màá gbà wọlé.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni David Dunbar Buick. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e dé Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ àti páìpù omi ló fi là ní Detroit. Òun ló wá ọgbọ́n bí tánganran ṣe máa lẹ̀ mọ́ ara ọpọ́n onírin tí kò ní í bó. Ká ní ó jókòó ti ọpọ́n rẹ̀ ni, bóyá orí ọrọ̀ ni ì bá kú sí. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì kó sí i lórí. Ó ta iṣẹ́ náà, $100,000 ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí òun àti àwọn tó gbà síṣẹ́ ṣe dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó lágbára ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ Buick kò mọ owó ṣọ́. Ní 1904, kọ́ńpìnnì náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀. Ó lọ wá epo rọ̀bì ní California, kò bọ́ sí i. Ó lọ dókòwò ilẹ̀ ní Florida, ilẹ̀ jẹ owó. Nígbà tó darúgbó, iléèwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní Detroit ló ti ń gba owó oṣù, kò sì lágbára àtifa tẹlifóònù sílé. Ó kú lóṣù kẹta 1929, lẹ́ni ọdún 74. Lọ́dún yẹn, Buick kún títì Amẹ́ríkà fọ́fọ́, òun tó ni orúkọ kò sì lè ra ẹyọ kan.

Ta wá ni ẹlòmíràn tó gba Buick mọ́ ọn lọ́wọ́? William Crapo Durant ni, Billy lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀ ti ṣe gómìnà Michigan rí, ṣùgbọ́n Billy kò jókòó de ogún. Kò parí iléèwé girama tó fi jáde, tó ń tajà kiri: ó ta sìgá, ó ta ìnṣọ́ránsì. Ní 1886, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan gbé e lójú ọ̀nà, ó rí i pé kẹ̀kẹ́ náà kì í gbo èèyàn jìgìjìgì bí àwọn yòókù. Wéré, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá àwọn tó ń ṣe é, ó ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà ní $1,500. Owó àyálò sì ni o! Nígbà tí yóò fi di 1900, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, J. Dallas Dort, ti wà lára àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Durant kò kọ́kọ́ fẹ́ràn mọ́tò rárá. Ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Àfìgbà tó wa Buick kiri inú ẹrẹ̀ àti kòtò ló tó gbà pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ìgbà tó sì gbà, ó gbà tán. Níbi ìpàtẹ mọ́tò ní New York ní 1905, ó bá àwọn oníbàárà ṣe àdéhùn ọkọ̀ tó lé ní 1,000, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kò tíì ṣe tó 100. Ẹ gbọ́ ná, èèyàn ta ohun tí kò tíì sí! Bó bá jẹ́ l'Ékòó ni, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè.

Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1908 ló dá General Motors sílẹ̀. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé pé wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ju $2,000 lọ. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti ra Oldsmobile, ó ti ra Cadillac, ó ti ra Oakland tó padà di Pontiac, àti àwọn mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Kì í sábà ka owó sílẹ̀. Ìwé ṣíà ló máa ń kó fún wọn. Ó fẹ́ ra Ford pàápàá ní 1909. Henry Ford gbà láti ta gbogbo rẹ̀ ní $8 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ní owó gidi lòun fẹ́ gbà, òun ò fẹ́ bébà. Àwọn báńkì tí Durant sá tọ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní Ford kò tó iye yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lára ohun tó wá rí rà ni kọ́ńpìnnì gílóòbù iná kan, Heany. Ṣíà tó kó lé e kì í ṣe kékeré. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń gbé kiri lórí gílóòbù náà, ayédèrú ni! Nígbà tó di 1910, owó tán nílẹ̀. Àwọn báńkì yá General Motors ní $15 mílíọ̀nù, wọ́n sì ní kí Durant bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn fẹ́ bá a ṣọ́ ilé fún ọdún márùn-ún.

Ẹlòmíràn á lọ sùn. Durant kọjú sí Louis Chevrolet, ọmọ Switzerland tó máa ń fi mọ́tò sáré ìje. Ní 1911, wọ́n dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Louis pè é nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Ìjà kò pẹ́ dé. Louis fẹ́ mọ́tò ńlá olówó gọbọi, Durant fẹ́ èyí tí tálákà lè rà. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ sìgá wà níbẹ̀: Durant kò fẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò máa fi sìgá tẹ́ẹ́rẹ́ há ẹnu bí ọmọ iṣẹ́. Louis bínú lọ, ó ta ṣíà rẹ̀, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó tún fẹ́ ṣe mọ́tò tiẹ̀, orúkọ mìíràn ló ní láti wá, nítorí pé Chevrolet ti di ti elòmíràn. Owó díẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́ nígbà tó kú ní 1941. Durant ní tiẹ̀, Chevrolet yìí ló fi padà sílé: ó ń fi ṣíà rẹ̀ gba ti General Motors lọ́wọ́ àwọn èèyàn, díẹ̀díẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí ó fi di 1916 tó tún gorí àga ọ̀gá. Ẹja kékeré gbé ńlá mì!

Ọdún mẹ́rin péré ló tún lò. Ní 1919, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń yá èèyàn lówó mọ́tò: gbé mọ́tò lọ lónìí, máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àwọn òṣómàáló wa ń fi aṣọ ṣe náà ni. Ṣùgbọ́n ní 1920, ọjà kú, ṣíà General Motors ń já wálẹ̀. Durant ń fi owó àyálò ra ṣíà náà kó má baà já, bí ẹni tó ń fọwọ́ di ògiri tó fẹ́ wó. Gbèsè tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn lé ní $20 mílíọ̀nù. Ìdílé du Pont àti báńkì Morgan gbà á sílẹ̀, wọ́n gba ṣíà rẹ̀, wọ́n sì gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò padà mọ́.

Alfred Sloan tó di ọ̀gá ní 1923 jẹ́ onílàákàyè tó tutù. Ó to mọ́tò rẹ̀ bí àtẹ̀gùn: Chevrolet nísàlẹ̀, Cadillac lókè, kí owó oṣù rẹ tó pọ̀ sí i, èyí tí wàá rà tẹ̀ lé e ti ń dúró dè ọ́. Ó ń pààrọ̀ ìrísí wọn lọ́dọọdún, kí tèṣí lè máa tì èèyàn lójú. Wọ́n kọjá Ford. Wọ́n ra Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra Opel ní Jámánì ní 1929. Lára Vauxhall ni lọ́rì Bedford ti jáde ní 1931, ọmọ ìyá lọ́rì Chevrolet gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Mo bá bàbá arúgbó kan tó ti wa lọ́rì rí sọ̀rọ̀ ní gáréèjì kan n'Íbàdàn. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Bọ́lẹ̀kájà tí ẹ ń wà nígbà yẹn, ta ló ṣe é?"

"Bẹ́dífọ́ọ̀dù!" Bàbá gbé àgbọ̀n sókè. "Òyìnbó Ìlú Ọba. Irin gidi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni àwọn òyìnbó yẹn."

Bàbá wò mí títí. "Ọmọ mi, àṣé òyìnbó náà máa ń ní ọ̀gá?"

Ẹ́ńjìnnì àti férémù ni òyìnbó kó wá. Káfíńtà tiwa ló kan pákó rẹ̀, tó kan bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí onímọ̀ ọ̀dà fi kọ òwe sí i níwájú àti lẹ́yìn. Orúkọ Bedford wà níwájú, orúkọ ẹni tó ra ọkọ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ti káfíńtà dà?

Irú ẹni tí kò lórúkọ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù ní Flint. Nínú ilé-iṣẹ́ General Motors níbẹ̀, iṣẹ́ ń sáré ju ọwọ́ èèyàn lọ, kọ́ńpìnnì sì ń sanwó fún àwọn amí kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ 30 oṣù kejìlá 1936, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n wọn ò jáde. Wọ́n jókòó sínú ilé-iṣẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń sùn lórí àga mọ́tò tí àwọn fúnra wọn rán. Lọ́jọ́ 11 oṣù kìíní 1937, nínú òtútù tó ń jẹ eegun, kọ́ńpìnnì pa iná tó ń mú ilé móoru, ọlọ́pàá ò sì jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ìjà bẹ́. Ọlọ́pàá ń yin tajútajú, wọ́n ń yìnbọn. Òṣìṣẹ́ ń fi páìpù omi fọ́n wọn, wọ́n ń sọ ìgò àti irin ilẹ̀kùn mọ́tò lù wọ́n. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan, Genora Johnson, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ké sí àwọn obìnrin tó ń wòran pé kí wọ́n wá dúró ti àwọn ọkùnrin. Wọ́n sì fọ́n sójú ìjà. Ìbọn ba àwọn òṣìṣẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, kò sẹ́ni tó kú. Gómìnà Frank Murphy kó ṣọ́jà wá, àmọ́ ó kọ̀ láti fi wọ́n lé òṣìṣẹ́ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 44, General Motors tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW. Sẹ́ǹtì márùn-ún ló gorí owó iṣẹ́ wákàtí kan. Ẹ lè ní ó kéré. Àwọn tí wọ́n gbà á ò ní ó kéré.

Ọdún tó ṣáájú ìwé yẹn, ìyẹn 1936, ni Durant lọ sílé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Gbèsè náà lé ní $900,000. Ohun ìní tó kọ sílẹ̀ ni aṣọ ara rẹ̀, $250. Ní 1940, ó padà sí Flint, ó ṣí gbọ̀ngàn eré kan tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí pákó, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì oníẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà tó ti lé ní 78, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors ń wọlé wá ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́, òun ló ń kí wọn káàbọ̀. Mi ò rò pé ó fi ṣe ìtìjú. Ọjà ló ń tà, ó ti ń tà á láti kékeré. Ó kú ní New York lóṣù kẹta 1947. Henry Ford tẹ̀ lé e lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ní 1955, General Motors di kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó jèrè ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ lọ́dún kan. Kò jọ pé nǹkan kan lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan dé pẹ̀lú mọ́tò kékeré tí kì í mu epo. Wọ́n ta iṣẹ́ lọ́rì Bedford dànù ní 1987, wọ́n pa Oldsmobile ní 2004. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà 2009, kọ́ńpìnnì náà gba ilé ẹjọ́ kan náà tí Durant gbà lọ: ohun ìní $82 bílíọ̀nù, gbèsè tó lé ní $172 bílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ ta búrẹ́dì. Ìjọba Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi $50 bílíọ̀nù fún un, ó jáde lẹ́yìn 40 ọjọ́ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì tuntun. Pontiac kò bá wọn jáde. Àwọn tó ní ṣíà àtijọ́ pàdánù gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ta èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kejìlá 2013, ó lé ní $10 bílíọ̀nù tí kò rí gbà padà.

Flint ńkọ́? Ní 1960, àwọn ará ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000. Ní 2020, wọn ò ju nǹkan bíi 81,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ti gbà tó 80,000 òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ti ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti àwọn ọdún 1980. Owó orí kò wọlé mọ́, ìlú ti jẹ gbèsè, ìpínlẹ̀ sì yan alábòójútó lé wọn lórí. Lóṣù kẹrin 2014, láti fi dín ìnáwó kù, wọ́n já omi ẹ̀rọ ìlú kúrò lára ti Detroit, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi Odò Flint. Omi náà ń jẹ páìpù, òjé ń yọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ìyá ń gbé ìgò omi tó pọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ, wọ́n ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì General Motors ní Flint ṣàkíyèsí pé omi náà ń mú irin ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n já àwọn kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbà fún wọn, omi mìíràn dé. Àwọn ará ìlú ń mu ti odò lọ. Oṣù kẹwàá 2015 ni wọ́n tó dá wọn padà sí omi Detroit, lẹ́yìn tí àwọn dókítà ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ.