Sáfà Tó Dákẹ́ àti Sáfà Aláròyé

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá inú ilé nìkan ni mo gbọ́ dàgbà. Bí Háúsá bá yọjú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Java ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ni mo ń bá wí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sáfà. Bí ètò yín bá kú lórí Tomcat lóru, inú fódà logs ni ẹ ó ti rí ohun tó pa á. Fáìlì logging.properties, tó wà nínú conf, ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ Tomcat yóò ṣe pọ̀ tó. Ìpele 7 ló wà: SEVERE fún ọ̀ràn ńlá, lẹ́yìn rẹ̀ WARNING, INFO, CONFIG, FINE, FINER, títí dé FINEST, tó máa ń rojọ́ bí ìyá àgbà tó ti pẹ́ tí kò rí ọmọọmọ rẹ̀.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ lágara ni pé ẹnubodè méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá: logger, àti handler tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ logger di FINE tí handler ṣì wà ní INFO, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Bí WildFly náà ṣe rí nìyẹn: DEBUG lè wọ server.log kó má hàn lójú kọ̀ǹsólù, torí INFO ni wọ́n fi sí handler kọ̀ǹsólù láti ilẹ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tomcat kì í gé catalina.out kúrú fúnra rẹ̀. Yóò máa ga títí ààyè orí sáfà yóò fi tán. Páákéèjì tí ẹ fúnra yín kọ nìkan ni kí ẹ fi sí FINE. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ayé gbọ́ nípa àlèébù Log4j: ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá bá fi ránṣẹ́, tí sáfà sì kọ sínú lọ́ọ̀gì, lè mú kí sáfà máa jíṣẹ́ ọ̀tá.

Níbi tí mo ti ṣe IT, mo rí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà gbangba nínú lọ́ọ̀gì, torí ẹnìkan ló ṣí DEBUG tí kò tì í. Mo sọ fún ọ̀gá wa. Wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ kà á?” Mo ní, “Ẹ̀yin sà, èmi ni mo ń kà á yìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Títí mo fi parí IT, ó ṣì wà níbẹ̀.