‘Kúrútù’ tí bàbá sọ́jà ń pe ọmọ ẹ̀ n’Ímùṣin

Ohun tó lé ọmọkùnrin kan kúrò n’Íjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ́dún 1981, orúkọ lásán ni. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe pé wọ́n nà án. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, síbẹ̀ bílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, bàbá ẹ̀ á pariwo láti ojú wíńdò pé, “Kúrútù, dìde!” Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n gbà á mọ́ bàbá lẹ́nu, ó wá di ohun tí wọ́n ń pè é kiri ìlú. Lójú tiẹ̀, èébú ni. Ó ṣe jẹ́ pé “Sámánjà” ni bàbá ń pe ìyá wọn, tíyẹn á sì máa rẹ́rìn-ín?

Ó gba Èkó lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò fẹsẹ̀ kan Ìmùṣin.

Bàbá yìí wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí òyìnbó kó lọ bá àwọn ará Jàpáánì jà ní Bọ́mà lọ́dún 1944. Ẹ jẹ́ ká rántí pé èdè Haúsá gbilẹ̀ láàárín àwọn sọ́jà ìgbà náà, Ìjẹ̀bú tó bá wà níbẹ̀ á gbọ́ díẹ̀ tipátipá. Àwọn Haúsá ló fi ahọ́n tiwọn tún èdè òyìnbó rọ: sájẹ́ǹtì-méjọ̀ di sámánjà, rìkúrúùtù, ìyẹn sọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, di kúrútù.

Àwọn òyìnbó ńkọ́? Wọn ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, àwọn sọ́jà wọn tó wà ní Ypres, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ò rí orúkọ ìlú náà pè, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Wipers. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ lójú ogun lọ́dún 1916, The Wipers Times ni wọ́n pè é. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni èdè bárékè tiwọn kó sí tó fi wà dòní. Àwọn sọ́jà wa náà ní RWAFF News nígbà ogun Hítílà, àmọ́ ta ló kó o wálé fún ọmọ kà? Ẹnu lásán ni kúrútù bá wọ Ìmùṣin.

Bàbá Haúsá kan tó ń ṣọ́ ọgbà tí ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ l’Ékòó ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1987. Sọ́jà àná ni. Ó ń bá ọmọṣẹ́ tuntun kan ṣeré, ó ní, “Kúrútù!” Ọmọ Ìmùṣin ní kí lẹ pè é yẹn? Bàbá ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sọ́jà ni, pé kò sí sámánjà tí kò kọ́kọ́ jẹ́ kúrútù.

Ìyẹn ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ó gba ibẹ̀ délé. Bàbá jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ní, “Ta nìyẹn?”

“Kúrútù ni, bàámi.” Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá ò kọ́kọ́ fọhùn. Nígbà tó yá, ó na ọ̀pá ẹ̀ síwájú, ó ń fi í wá ibi tí ọmọ náà wà, títí tó fi kàn án léjìká.

“Kúrútù kì í dọ̀bálẹ̀,” ló wí. “Dìde, kóo dúró ṣánṣán.”