Nígbà tí Ìbéèrè Ṣì Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Títí dòní, bí òórùn yíǹkì ìtẹ̀wé bá ti gba imú mi kọjá, ọdún 1979 ni ọkàn mi máa ń sáré padà sí. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún àwa márùn-ún tí à ń kàwé gboyè kejì nínú sáíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ ọkàn àti ìwà ẹ̀dá: ẹ̀rọ Gestetner ní igun kan, bébà stencil tí a ti fi táípúráítà lù, ìgò oje pupa tí a fi ń dí ibi tí ọwọ́ bá ti ṣì, páálí bébà tí òjò ti kán sí létí, àti ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò mọ́ínmọ́ín eléwé. Ibẹ̀ la ti ń tẹ ìwé ìbéèrè wa, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọwọ́ á fi dúdú dé ọrùn ọwọ́, kí a tó kó wọn sínú àpò, kí a wọ bọ́lẹ̀kájà, kí a sì forí lé ìletò tí ọkọ̀ kì í dé.

Ọ̀gá tó kọ́ wa ní ọgbọ́n ìwádìí a máa sọ pé ẹnì kan kì í mọ ìbéèrè tó kọ títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bi. Kò gbà kí a kàn túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kí a sì máa lọ. Ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò fojú kan ti àkọ́kọ́ rí á sì tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí Richard Brislin ti là á sílẹ̀ ní 1970. A rán àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “ìbànújẹ́”, ó padà dé bí ọ̀fọ̀ òkú. Ìgbà tí a jókòó ti àwọn àgbà la tó gbọ́ bí ará ilé wa ti ń sọ ọ́: orí mi ń gbóná, àyà mi ń já, ọkàn mi pòrúurùu, ó ń ṣe mí bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí mi, bí ẹni pé wọ́n fi ata pa mí lára.

Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí. Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, tó jẹ́ pé láti 1954 ló ti ń fi àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí wọn tó ń se oúnjẹ fún wọn, òun àti Alexander Leighton láti Cornell ní Amẹ́ríkà ló wọ abúlé agbègbè Abẹ́òkúta lọ ní 1961. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ohun tí àwọn ènìyàn fúnra wọn ń pè ní àìsàn ọkàn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wádìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Táípúráítà wa kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìbéèrè kẹsàn-án mi ni “Nje oko re n da o laamu?” Ọkọ ilé ni mo ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ méjì ló bá mi lọ sí ìletò kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó: èyí tó gba ìhà òkè ń ka ọkọ, èyí tó gba ìhà odò ń ka oko. Nígbà tí mo kó èsì jọ, mo rí i pé ọ̀pọ̀ obìnrin ìhà odò ni ọkọ ń fìyà jẹ, mo sì ti ń kọ orí ìwé kan lé e lórí. Ọjọ́ tí mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń pa ẹ̀gúsí, mo sì rọra bi í nípa ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ wo? Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti di opó. Oko lẹ bi mí, mo sì sọ fún yín pé ọ̀yà ti jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ mi tán.” Bí mo ṣe da ìdajì iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nù nìyẹn.

Lẹ́yìn tí a bá ti kó èsì jọ, káàdì oníhò ló kù, ìlà òòró ọgọ́rin lórí káàdì kan, tí a ó gbé lọ síbi kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́, tí a ó sì padà wá bá ní òwúrọ̀ pé àmì ìdánudúró kan ṣoṣo la gbàgbé, ẹ̀rọ náà kò sì ṣe nǹkan kan.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dáa. Obì àti ìgò sínáápù la máa ń kó lọ fún Baálẹ̀, yóò ní kí wọ́n lu agogo, gbogbo ìletò á sì jáde. Ta ló tó kọ̀? Obìnrin kan sunkún ọmọ rẹ̀ tó kú láàárín ìbéèrè mi, mo sì bọ́ sí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Lónìí, ìgbìmọ̀ wà tí yóò yẹ ìwádìí wò kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé, ẹni tí kò bá sì fẹ́ dáhùn lè dìde. Èyí dára ju tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ń yára jù. Ọmọ á jókòó sórí ibùsùn, á to ìbéèrè sórí Google Forms, á jù ú sórí WhatsApp, kí ilẹ̀ tó ṣú igba ènìyàn ti dáhùn: igba ènìyàn tó ní fóònù, tó ní dátà, tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ẹlẹ́gùúsí ńkọ́? Á wá gbé èsì lọ fún ẹni tó ń fi SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, gbowó, á gba tábìlì padà, bí ẹ bá sì bi í pé kí ni nọ́ńbà tó kéré sí 0.05 yìí ń wí, á máa wò yín lójú. Nọ́ńbà náà ń sọ bí irú ìyàtọ̀ tí a rí yóò ti ṣọ̀wọ́n tó ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan ní tòótọ́. Kò lè sọ fún ẹ bóyá oko lo bi wọ́n tàbí ọkọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà lẹ́nu oyè kejì báyìí, lórí àníyàn àwọn obìnrin ọlọ́jà. Mo mú un lọ sí ọjà Bódìjà. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá kan, ó bi í bóyá ó ń rí oorun sùn dáadáa. Ìyá náà ní, “A dúpẹ́ o, ọmọ mi.” Ọmọ náà fẹ́ fàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni”, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó wò mí, ó ki báírò bọ àpò, ó fa àpótí kan mọ́ra, ó sì bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́. Wọ́n ti pa tó ìdajì kóńgò kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀, láì gbójú sókè: “Láti ìgbà tí wọ́n ti dá àkọ́bí mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, aago méjì òru ni mo máa ń jí, n kì í sùn mọ́.”