Ọwọ́ Tó Ń Yọ Bátìrì

Bí ẹ bá bi àwa oníná tí a ń so áláàmù èéfín mọ́ àjà ilé onílé ní London pé kí ni ọ̀tá iṣẹ́ wa, ọ̀pọ̀ yóò ní iná ni. Èmi ò gbà. Bí mo ṣe ka ìtàn iṣẹ́ yìí sí, ẹni tó gun àga, tó nawọ́ sókè, tó yọ bátìrì, ló ń bá wa fà á jù. Ní 1890, Francis Upton, tó bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, àti ẹnìkejì rẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí áláàmù iná, ṣùgbọ́n ooru ni tiwọn ń gbọ́. Kí ooru tó dé àjà, èéfín ti wọ imú ẹni tó sùn, èéfín yìí ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iná ilé ń pa. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, Walter Jaeger ní Switzerland ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa mọ gáàsì olóró. Gáàsì ò mì ín rárá, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà tan sìgá, ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá lọ sílẹ̀. (Sìgá tó ń sun tìmùtìmù káàkiri ayé náà ló bí wa.) Ẹ̀rọ ìgbà yẹn tóbi, ó sì wọ́n, títí Duane Pearsall àti Stanley Peterson fi ṣe kékeré tó ń lo bátìrì ní Colorado ní 1965. Bátìrì ló gbé e dé ilé mẹ̀kúnnù. Òun náà ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pa á lẹ́nu mọ́.

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àjọ ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná, NFPA, fi hàn pé nínú ènìyàn 5 tí iná ilé pa, nǹkan bí 3 ló kú nínú ilé tí kò ní áláàmù tàbí tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Níbi tó wà tí kò ké, bátìrì tí wọ́n yọ tàbí tó ti kú ló sábà máa ń fà á. Bí kò bá sì nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nínú irú áláàmù tó pọ̀ jù látijọ́, ègé americium bíńtín ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná máa gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láàárín irin méjì. Èéfín wọlé, iná yẹn dínkù, ẹ̀rọ figbe ta. Èéfín wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí ló tètè ń gbọ́, irú èyí tí epo ọbẹ̀ Ọ̀fàdà ń rú lórí iná, ó sì ń ké lásán nígbà tí a bá ń sè. Irú kejì, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wò, tètè ń mọ tìmùtìmù tó ń jó lábẹ́lẹ̀, kì í sì í bá alásè jà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé èyí tó ń ké lásán sàn ju èyí tí kò ké. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tí a so ó. Tó bá ké lásán nígbà kẹwàá, ẹnì kan á gun àga. Òfin Scotland ti February 2022 gbọ́ ọ yé: áláàmù èéfín ní pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ooru ní ilé ìdáná, kí gbogbo wọn sì so pọ̀, kí ọ̀kan má ké kí ìyókù dákẹ́. Ooru Upton ti rí àyè rẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù americium. Kò tó máíkírógíráàmù kan, ìtànṣán alpha rẹ̀ kò sì lè la bébà kọjá. Ẹ ṣáà má fọ́ ọ, ẹ má sun ún. Àwọn míì ní kò wúlò ní Nàìjíríà níbi tí iná kì í dúró. Èyí tí bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pinpin ń lo ọdún 10, kò bá iléeṣẹ́ mànàmáná da nǹkan pọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Àtakò tó wúwo ni ti irin ojú fèrèsé. Ìdánwò àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ní 2004 fi hàn pé bí iná bá ràn lójijì, àyè àtijáde lè má ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bí 17 ni. Bí ẹ bá ti ti irin náà pa nítorí olè, áláàmù á ké títí ni. Nítorí náà, bí mo bá dé ilé tó nírin ní Ìbàdàn, kí n tó wo àjà, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tó wà: kó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ilé yóò tó nínú òkùnkùn, tí ti olè kò ní tó láti ìta.