Ẹ jẹ́ kí ará ìlú parí eré náà

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí o. Ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni mo gbé wá lónìí. Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òkun ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa.

2/ Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń náwó. Wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà ṣì ń tan àtùpà. “Happy City” làwọn èèyàn ń pè é. Lónìí, òkun ti gba ilé, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba itẹ́ òkú.

3/ Kí ló fà á? Ooru tó ń pọ̀ sí i láyé ń mú kí omi òkun wú, yìnyín tó ń yọ́ lókè òkun náà ń fi kún un. Etíkun Ìlàjẹ sì jẹ́ ẹrẹ̀, kò lè dúró de ìgbì. Ó ti tó 20 ọdún tí wọ́n ti ń ṣèlérí ìdènà omi fún Ayétòrò. Ìlérí ò dá omi dúró.

4/ Báwo la ṣe ń sọ èyí fún ará ilé? Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, wọ́n á pín fìlà àti T-shirt, wọ́n á fi òyìnbó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìyá tó ń yan gàrí á gba fìlà, á lọ ilé. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Ó mọ̀ pé òjò ò rọ̀ nígbà tó yẹ mọ́. Ẹni tó máa bi í léèrè ni kò rí.

5/ Tí a ò bá sì jọ sọ̀rọ̀, kálukú á wá ìdí ti ara rẹ̀. Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol tó wà nínú ògógóró ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ omi yìí: “òpin ayé ni,” ẹnu á sì pa mọ́ síbẹ̀.

6/ Eré lè ya ẹnu yẹn. Ṣé ẹ mọ Hubert Ogunde? Nígbà tó ṣe “Yorùbá Ronú” ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1966, lábẹ́ ológun, ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ta ló ń fòfin de ohun tí kò lágbára?

7/ Ní Kamiriithu, ní Kenya, lọ́dún 1977, àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ló ṣe eré tí Ngugi wa Thiong'o àti Ngugi wa Mirii kọ ní èdè Gikuyu. Àwọn ará abúlé tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, àwọn náà ló kọ́ ìtàgé rẹ̀. Ìjọba fagi lé e, wọ́n sì ti Ngugi wa Thiong'o mọ́lé kí ọdún tó parí.

8/ Augusto Boal ará Brazil tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí eré bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, á dá a dúró. Òǹwòran tó bá ní àbá á bọ́ sójú agbo, á gba ipò òṣèré, á fi hàn bí òun á ṣe ṣe é. Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Ẹni tó ń pàlọ́ ń retí kí a gbe orin. Ta ló ń dákẹ́ nídìí àlọ́?

9/ Eré tí mo ń kọ báyìí nìyí. Ọjà ni, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Àṣíkò Ìkálẹ̀ ni a máa fi pe èrò, irú èyí tí Comfort Omoge gbé jáde fáyé gbọ́. Ìdílé kan wà ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ọmọ wọn fẹ́ ta igbó bàbá wọn fún oníṣòwò gẹdú. Ìyá ò fẹ́, àmọ́ owó iléèwé ti tó san. Níbẹ̀ ni àbúrò ìyá dé láti Ayétòrò pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ẹrù lórí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ti lọ.”

10/ Eré dúró níbẹ̀. Ta ló máa bọ́ sójú agbo? Ibo ni àbúrò máa sùn? Ṣé ká ta igbó ni? Ta ló yẹ ká lọ bá ní káńsù, kí la sì máa bi í?

11/ Mi ò ní kọ eré tó ń bú tálákà o. Nínú gbogbo èéfín tó ń mú ayé gbóná, ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lódún kò tó 5 nínú 100. Ìyá tó ń fi igi dáná kọ́ ló lé òkun wọ Ayétòrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi yẹn lé e lórí.

12/ Àmọ́ àìjẹ̀bi ò ní kí a káwọ́ gbera. Kí èrò tó tú ká, a máa kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn: ta ló máa kó gọ́tà ọjà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ta ló máa lọ bá kánsẹ́lọ̀, ọjọ́ wo la máa padà wá gbọ́ èsì. Láìsí èyí, fàájì lásán la ṣe.

13/ Skit mi lórí fóònù dára, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ lè fọwọ́ tì í kọjá. Ẹ ò lè fọwọ́ ti aládùúgbò yín kọjá tó bá dúró sójú agbo tó ń béèrè ibi tí òun máa sùn. Tí o bá mọ ìlù lù, tí o lè sọ Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ dáadáa, tàbí tí o kàn ní tapólì kan nílé, kọ sí mi. A nílò ẹ.